Pípa Pẹ́pẹ́yẹ Odò Lójú Ṣẹ̀ríà: Àpẹẹrẹ Adágún Owabi ní Kumasi

Ọdẹ ṣíṣe kì í ṣe èèwọ̀ nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Súrà Al-Mā'idah, ẹsẹ̀ 4, fi àyè gba ohun tí ajá ọdẹ bá mú wá fún olúwa rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé, bí ẹran bá ti jẹ́ hàláálì, ṣé ó di ẹ̀tọ́ láti pa á níbi gbogbo àti nígbà gbogbo?

Nígbà tí òtútù bá wọlé ní Yúróòpù, oríṣi pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan a máa fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí àwọn omi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní òkè-òkun, àwọn tó lówó a máa háyà amọ̀nà tí yóò mú wọn lọ yìnbọn fún pẹ́pẹ́yẹ níbi tó ń bà sí. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá Kumasi, ní adágún Owabi tí wọ́n sé odò rẹ̀ ní 1928 kí ìlú lè rí omi mu. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ibi ààbò fún ẹranko ní 1971. Ní 1988 ó wọ ìwé àwọn omi tí àdéhùn Ramsar ń dáàbò bò lágbàáyé. Yàtọ̀ sí èyí, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ògọ́ọ̀sì títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Disẹ́ńbà, òfin Gánà dá ọdẹ ṣíṣe dúró jákèjádò orílẹ̀-èdè, àfi ti ọ̀yà fún ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ.

Àwọn kan a máa jiyàn pé ènìyàn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ohun tí Allāh ṣe ní hàláálì léèwọ̀. Ṣùgbọ́n Súrà kan náà ni ó ka ọdẹ orí ilẹ̀ léèwọ̀ fún ẹni tó wà nínú ihram (ọ̀pọ̀ onímọ̀ fíkìhì sì ka ẹyẹ odò mọ́ ẹran ilẹ̀, nítorí orí ilẹ̀ ni ó ń yé sí). Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Allāh máa bá a) sì sọ Mẹ̀dínà di ilẹ̀ ọ̀wọ̀ tí a kì í ti í ṣọdẹ. Ẹran kò yí padà. Àkókò àti ibi ni ó yí. Òótọ́ ni pé àṣẹ ihram ti ọ̀dọ̀ Allāh wá, kì í ṣe ti ìjọba. Síbẹ̀, Súrà An-Nisā', ẹsẹ̀ 59, pa á láṣẹ pé kí a gbọ́ràn sí aláṣẹ lẹ́nu, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹranko rí àyè bímọ.

Ọ̀ràn pẹ́pẹ́yẹ tún le ju ti ẹyẹ mìíràn lọ. Nínú hádíìsì Adiyy ọmọ Hātim, tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì kọ̀ fún ọdẹ láti jẹ ẹran tó bá bọ́ sómi tó sì kú síbẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá ọfà ni ó pa á tàbí omi. Orí omi sì ni ọ̀pọ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí a bá yìnbọn fún ń já sí. Àwọn onímọ̀ Mọ́líkì tó gba ìbọn láyè wí pé ọta a máa gún ara, a sì máa tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Wọn kò mú iyèméjì ti omi kúrò.

Èyí tó burú jù ni kí a fi pípa ṣeré. Ibn Umar bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó so ẹyẹ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń ta á lọ́fà, ó sì sọ fún wọn pé Ànábì ṣẹ́ èpè fún ẹni tó bá sọ ẹlẹ́mìí di àmì ìtafà. Ebi tó ń pa aláìní lè mú kí adájọ́ rọ ọwọ́. Ẹni tó sanwó láti pa ẹyẹ, tó sì jù ú nù, kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ amọ̀nà pẹ̀lú, bí iṣẹ́ náà bá ti rí ni òun náà ń rí: bí ó bá mú oníbàárà wọ Owabi, hàráámù ni ó gbà. Níbi tí òfin bá ti gbà á, ojúṣe rẹ̀ ni láti rí i pé ẹyẹ tó já tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ láàyè kí wọ́n dúńbú rẹ̀, tàbí kí ó dájú pé ìbọn ni ó pa á, kí ẹnìkan sì jẹ ẹ́.