ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Bí Ó Bá Jẹ́ Ebi Ló Lé Ọ Wálé Ńkọ́?

Bíbélì kíkà: Lúùkù 15:11-32

 

Ọ̀rọ̀ tòní wà fún ìwọ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní Ìjọ Kátólíìkì, tí o ti gba Kómúníọ̀nù Mímọ́ rí, ṣùgbọ́n tó ti pẹ́ gan-an tí o ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Bóyá iṣẹ́ ló gba ọjọ́ Sunday mọ́ ọ lọ́wọ́. Bóyá o kó kúrò ládùúgbò, tàbí ẹnì kan sọ̀rọ̀ tó dùn ọ́. Ní báyìí, ọkàn rẹ ń fà sílé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dá ọ dúró. O ń sọ fún ara rẹ pé: “Nígbà tí nǹkan ń dùn, mi ò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí owó ilé pé, tí ara ọmọ ò yá, ni mo wá rántí Ọlọ́run. Ṣé àgàbàgebè kọ́ nìyẹn?”

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí kò nítìjú kò ní bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, wo ọmọ inú Bíbélì yẹn. Kí ló gbé e padà? Ka ẹsẹ 17. Oúnjẹ ló rántí! Ó rántí pé àwọn alágbàṣe bàbá òun ń jẹ àjẹṣẹ́kù, òun sì wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kódà, ó ti há ohun tó máa sọ sórí kó tó gbéra. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Kò bi í pé, “Ṣé ìfẹ́ ni àbí ebi?” Kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó há sórí. Ṣé bàbá ò mọ̀ ni? Àgbà tó rí ọmọ tó rù hangogo mọ ohun tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé inú ilé ni ìfẹ́ ti ń dàgbà, kì í ṣe lójú ọ̀nà.

Ìtàn Ìjọ wa ní Èkó náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá wọ danfo ní Ìpọ̀nrí, tí o gba Afárá Èkó sọdá, wàá dé Holy Cross Cathedral ní Catholic Mission Street. Kì í ṣe àlùfáà òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé ìgbàgbọ́ yìí wọ Èkó. Àwọn Àgùdà ni, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba ìrìbọmi lóko ẹrú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn burú ju ebi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Èkó, tí kò sí ọ̀gá, tí kò sí fadá, wọn ò sọ ọ́ nù. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Nígbà tí Fadá Borghero wá láti Ouidah ní 1863, ó bá onígbàgbọ́ nílẹ̀. Ó di 1868 kí fadá tó wá máa gbé láàárín wọn. Èyí ò sọ oko ẹrú di ohun rere o. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé ibi tí ìgbàgbọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló ń pinnu ibi tó máa dé.

Nítorí náà, ìdánwò rẹ kò sí lọ́jọ́ tí o bá padà dé. Ó wà lọ́jọ́ tí wàhálà bá tán. Ṣé wàá jókòó, àbí wàá jẹun tán kí o tún gbéra?

Wá báyìí ná. Ìrìbọmi rẹ kò bàjẹ́, wọn ò ní tún un ṣe. Lọ sí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí o bá ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, fadá á tọ́ ọ sọ́nà. Sọ ọ́ bó ṣe rí: “Fadá, wàhálà ló gbé mi wá.” Òfin Ìjọ kò gbà á láyè láé láti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló dí ọ lọ́wọ́, má jókòó sílé dá ara rẹ lẹ́jọ́. Ó lè má yanjú lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n wọn ò ti ilẹ̀kùn Mísà mọ́ ọ.

Àwa tí a kò kúrò ńkọ́? Bí ẹni yìí bá wá jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì, ẹ má jẹ́ ká bi í pé, “Kí ló dé tí o fi rántí wa?” Ẹ̀gbọ́n inú ìtàn yẹn kò kúrò nílé rí, síbẹ̀ ìta ló dúró sí nígbà tí wọ́n ń ṣàsè.

Ọmọ tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé. Ṣípá rẹ lónìí.

Àdúrà: Bàbá wa ọ̀run, ohun yòówù kó lé wa wá, má jẹ́ ká tún lọ mọ́. Kọ́ wa láti fẹ́ràn Rẹ nínú ilé Rẹ. Nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ojúmọ́ ire o. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ti pẹ́ tí ẹ ti rí ní Mísà.