Ta Ni Ó Lè Wọn Ọmọ Tí Kò Tí ì Dàgbà?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko kọjá ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí àwọn ọmọdékùnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyẹ̀pẹ̀, yóò sì rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n dúró lẹ́bàá pápá, tí ń fi ojú wọ̀n wọ́n. Àwọn mìíràn nínú àgbà wọ̀nyí ń wá atamátàsé kiri fún àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, ni èyí: nígbà tí a bá wo ọmọ ọdún 16, tí a sì wí pé, “Eléyìí yóò di ẹni ńlá,” tàbí, “Eléyìí kò lè dé ibì kan,” kí ni a mọ̀ ní tòótọ́?

Àwọn baba wa wí pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. A kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọmọ wa tí wọ́n gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, ní ilẹ̀ Chile, ní 2015. Victor Osimhen, ẹni tí ó dàgbà ní Olusosun, tí ó sì ti ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀ rí, gbá góòlù 10 wọlé níbẹ̀. Kelechi Nwakali ni a sì fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tí ó ta gbogbo àwọn yòókù yọ. Ẹgbẹ́ Arsenal mú Nwakali ní 2016. Títí ó fi kúrò ní 2019, kò gbá ìdíje kan fún ẹgbẹ́ àgbà wọn. Osimhen lọ sí Wolfsburg ní Jámánì ní 2017, kò sì gbá góòlù líìgì kankan wọlé fún wọn. Ní 2018 ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù dán an wò, wọ́n sì dá a padà. Ẹ̀kẹta, Charleroi, yá a lò, ó sì fún wọn ní góòlù 20. Ní 2023 Napoli gba ife líìgì Ítálì, òun fi góòlù 26 ṣe olórí àwọn atamátàsé ibẹ̀, a sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà.

Ǹjẹ́ afọ́jú ha ni àwọn tí wọ́n dá a padà bí? Rárá o. Ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ni wọ́n rí, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Ọjọ́ náà ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ọkùnrin náà.

Àwọn ọlọ́rọ̀ pàápàá kò yọ nínú èyí. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín a máa péjọ lọ́dọọdún láti yan àwọn ọ̀dọ́ ní ipò-ipò. Ní 1998, ènìyàn 170 ni wọ́n mú kí wọ́n tó kan Pavel Datsyuk, ẹni tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá eré náà.

Ní Alaba Rago, ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín, ẹni tí ń ra àgbò a fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, a wo eyín rẹ̀, a sì san owó. Àgbò kò mọ ohun tí a sọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá sọ nípa ọmọ a máa wọ inú rẹ̀ lọ, a sì máa wà lára ohun tí yóò dà. Nítorí náà ni a fi gbà pé ẹni tí ń wọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ náà, bí ó tilẹ̀ rò pé òun ń wò ó lásán ni.

Irọ́ ọjọ́ orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 2009, nígbà tí ìdíje yìí wáyé ní Nàìjíríà, ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ yẹ egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ wò. Òbí tí ó gé ọdún mẹ́ta kúrò lára ọmọ rẹ̀ gba àyè lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ó sì kọ́ tirẹ̀ pé bí ó ti rí gan-an kò tó. Bákan náà, òfin FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè mú ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18, àyàfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí a là sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba owó lọ́wọ́ ìyá kan ní Okokomaiko láti mú ọmọ ọdún 15 rẹ̀ lọ sí Yúróòpù, ẹ bi í léèrè ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà.

Kí ni kí olùkọ́ wí, nígbà náà, bí a bá ní kí ó wọn ọmọ? Kí ó sọ ohun tí ó rí, àti ọjọ́ tí ó rí i: pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò tí ì lágbára, pé kì í gbé ojú sókè kí ó tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, pé ó sá padà wá ran àwọn ẹ̀yìn lọ́wọ́ nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́. Kí ó sọ ọ́ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀, kí ó sì tún wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.