Ta Ni Onílẹ̀ Nídìí Àpótí Ìbò?

Bí ẹ bá dé Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ lè rí bébà kékeré kan tí àwọn kan máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Wọ́n ṣe é kó jọ nọ́ńbà ọkọ̀ ìpínlẹ̀ náà, àwòrán òkè ní àwọ̀ ewé àti funfun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀: Native. Lédè tiwa, ó di "ọmọ onílẹ̀." (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilẹ̀ rí l'Ékòó, ẹ má sá. Kì í ṣe irú ọmọ onílẹ̀ yẹn.) Ohun tí ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ń sọ kò le: ibí yìí ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀, ẹ mọ ìwọ̀n ara yín.

Ìbínú yẹn ní ìtàn kan lẹ́yìn. Lọ́dún 2000 àti 2004, George W. Bush ti ẹgbẹ́ Republican ni Colorado dìbò fún. Láti 2008 títí dé 2024, ìgbà márùn-ún léraléra, Democrat ni wọ́n ń mú. Láàárín ìgbà yẹn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn ará ìlú fọwọ́ ara wọn dìbò pé kí ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 lè ra igbó kó sì mu ún láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2014, ṣọ́ọ̀bù ṣí, àwọn èèyàn tò sórí ìlà nínú òtútù. Bí àwọn kan ṣe wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀ nìyẹn: igbó ló fa àwọn ará California wọlé, àwọn ará California ló sì fi ìbò gba ìpínlẹ̀ náà mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́.

Ìtàn yìí dùn-ún sọ, ó kúrú, ó sì ní ọ̀daràn. Àwa rò pé ó yẹ ká bi í ní ìbéèrè méjì: ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ṣé torí pé àkùkọ kọ ni ilẹ̀ ṣe mọ́? Lọ́dún 2004, nígbà tí Bush ṣì ń wọlé ní Colorado, ní ìdìbò kan náà ni Ken Salazar ti ẹgbẹ́ Democrat gba àga sẹ́nétọ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Àwọn olówó mẹ́rin, tí Tim Gill àti Jared Polis wà lára wọn, ti ń náwó sí i lábẹ́lẹ̀. (Polis yìí náà ló padà di gómìnà lẹ́yìn ìdìbò 2018.) Obama wá gbé Colorado lọ́dún 2008, ọdún mẹ́rin gbáko kí ìbò igbó tó wáyé. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù igbó àkọ́kọ́ fi máa ṣílẹ̀kùn fún tèwe-tàgbà tó ti pé 21, ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́. Àkùkọ kàn kọ ni.

Nípa àwọn tó kó wọlé, irọ́ kọ́. Ìkànìyàn ọdún 2000 rí mílíọ̀nù 4.3 èèyàn ní Colorado. Ti 2020 rí ohun tó lé ní mílíọ̀nù 5.7. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, yunifásítì, òkè àti oòrùn ló pe ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀nà náà sì ti kún kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń ta igbó ní gbangba. Texas gan-an wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń wá jù. Ẹnikẹ́ni ò sì lẹ bébà mọ́ ọkọ̀ láti bú àwọn ará Texas pé wọ́n sọ Colorado di Democrat.

Kókó kan tún wà tí ìtàn yẹn kì í sọ. Lọ́dún 2012 yẹn, igbó rí ìbò ju Obama fúnra rẹ̀ lọ ní Colorado. Ìyẹn ni pé àwọn kan wà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ Obama, tí wọ́n sì ṣí i fún igbó lórí ìwé ìdìbò kan náà. Ní El Paso, agbègbè Colorado Springs tí àwọn ológun àti àwọn ìjọ ńlá ńlá kún, ìbò igbó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì ọgbọọgba. Gómìnà ìgbà náà, John Hickenlooper, Democrat ni, òun gan-an ló sì ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má dìbò fún un. Ẹni tó ń sọ pé "ìjọba, fi mí lọ́rùn sílẹ̀" lè jẹ́ àgbẹ̀ tó ní ìbọn mẹ́ta nílé, ó sì lè jẹ́ ọmọ yunifásítì tó so irun dada. Igbó kò bèèrè káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ibi tó wù wá jù láti tọ́ka sí ni Pueblo, ìlú kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Ìlú irin ni. Iléeṣẹ́ irin ló kọ́ ọ, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló ń darí ìbò níbẹ̀, wọ́n sì jẹ́ Democrat láti ìran dé ìran. Nígbà tí iṣẹ́ irin rọ̀, ilẹ̀ wọn gbẹ, oòrùn wọn pọ̀, ilé kò wọ́n: igbó bá ibi tí yóò gbà dàgbà. Wọ́n ń gbìn ín lóko, wọ́n sì ń fi owó orí rẹ̀ san ẹ̀kọ́ọ́fẹ́ fún àwọn ọmọ agbègbè wọn tó fẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, àwọn kan gbé e wá síwájú ará ìlú pé kí wọ́n ti gbogbo ọjà igbó yìí pa. Àwọn ará Pueblo ní ká má ti i. Ní ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú bírò kan náà, Pueblo mú Donald Trump, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìbò díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé igbó ló ń sọ èèyàn di Democrat, a jẹ́ pé Pueblo mu ún lódìlódì.

Bí wọ́n ní ká má wo ìlú kan ṣoṣo, ó dáa. Ní Oklahoma, ará ìlú dìbò fún igbó ìwòsàn lọ́dún 2018, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ bí olú. Lọ́dún 2020 Trump gbé gbogbo kántì 77 tó wà níbẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Montana gba igbó lọ́dún 2020, ó gba Trump lọ́jọ́ kan náà. Missouri gbà á lọ́dún 2022, kò sì kúrò ní Republican. Florida ńkọ́? Àwọn èèyàn ti kó lọ síbẹ̀ gan-an, láti New York, láti ibi gbogbo. Ìpínlẹ̀ tí ìbò 537 péré fi ya Bush àti Al Gore lọ́dún 2000, tí Obama sì gbé lẹ́ẹ̀mejì, àlejò wọ ibẹ̀ tán, ó wá di ti Republican gbọnyingbọnyin. Àlejò kì í gbé àwọ̀ kan náà wá.

Nítorí náà, ìtàn yẹn kò dúró. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ fi ìyẹn pa onílẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ohun tó ń dùn ún wà, igbó kàn ni orúkọ tó rí fún un ni.

Ọ̀rọ̀ ìkookò ló jẹ́ kó yé wa. Lọ́dún 2020, wọ́n bi àwọn ará Colorado bóyá kí ìjọba kó ìkookò padà sínú igbó apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti pa wọ́n run ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. (Igbó igi nìyí o, kì í ṣe tọ̀hún.) Àwọn ará Denver àti Boulder ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn darandaran apá ìwọ̀-oòrùn, tí màlúù wọn ni ìkookò máa jẹ, ní rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ló borí, díẹ̀ báyìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, wọ́n tú ìkookò sílẹ̀. Ẹni tó dìbò wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń wo fídíò ìkookò lórí fóònù. Ẹni tí kò dìbò fún un ń ka màlúù rẹ̀ láàárọ̀. Ká sọ òótọ́, bó bá jẹ́ àwa la ni màlúù yẹn, àwa náà á wá bébà lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ó ti kọ́kọ́ le ju bébà lọ: lọ́dún 2013, kántì mọ́kànlá dìbò bóyá kí wọ́n ya kúrò lára Colorado, kí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tiwọn sílẹ̀. Márùn-ún ní kí wọ́n lọ.

Ibi tí ìbéèrè kejì ti le nìyẹn. Ṣé ìbò ẹni tó dé lánàá gbọ́dọ̀ wúwo tó ti ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ sin ìwọ́ síbẹ̀? Òfin Colorado ní ọjọ́ 22 péré lo gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ kó o tó dìbò. Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ọjọ́ 22! Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń ra ata.

Síbẹ̀, ìdáhùn tiwa ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó gbọ́dọ̀ wúwo tó o. Torí bí a bá ní ká máa fi ìbí wọn ìbò, níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀ òṣùwọ̀n? Colorado di ìpínlẹ̀ lọ́dún 1876. Kó tó dìgbà náà, ilẹ̀ àwọn Ute, Cheyenne àti Arapaho ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1864, àwọn ọmọ ogun lọ ká àwọn Cheyenne àti Arapaho mọ́ Sand Creek, wọ́n pa wọ́n, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú òkú. Ẹni tó ń lẹ "onílẹ̀" mọ́ ọkọ̀ lónìí, àlejò tó pẹ́ ni. Ìbí kò ju ìbí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán là ń sọ. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Labour Party ló gbé ìbò ààrẹ l'Ékòó. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, nígbà ìbò gómìnà, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ojú èèyàn nídìí àpótí ìbò, tí wọ́n ń bi wọ́n lórúkọ, tí wọ́n ń lé àwọn kan padà sílé torí pé wọ́n jọ Ìgbò. Àwọn kan nínú wa dákẹ́ nígbà náà. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bébà ara ọkọ̀ àti ọ̀pá nídìí àpótí ìbò kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, a mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ohun tí àlejò jẹ ní gbèsè ni kó kọ́ bí ìlú ṣe ń rìn, àwọn ará Colorado tuntun sì ń san díẹ̀díẹ̀ ju bí onílẹ̀ ṣe gbà lọ. Láti 1992 ni òfin kan ti wà níbẹ̀ tó ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ kún owó orí láìbi ará ìlú. Òfin ẹlẹ́gbẹ́ Republican pọ́nńbélé ni. Ó ṣì wà níbẹ̀. Lọ́dún 2020, tí Biden fi ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ná Trump ní Colorado, àwọn olùdìbò kan náà tún dín owó orí ara wọn kù. Ilẹ̀ náà ń yí àlejò padà, kì í ṣe àlejò nìkan ló ń yí ilẹ̀.

Ó ku àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ ọn: àwọn tó kó wọlé tí wọn kò lè dìbò rárá. Àwọn èèyàn tiwa wà lára wọn, ní Denver àti ní Aurora, pẹ̀lú gríìn káàdì lápò. Ìpínlẹ̀ gba igbó láàyè, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á, òfin ìjọba àpapọ̀ ló sì ń sọ ẹni tó máa di ọmọ orílẹ̀-èdè. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni àwọn aláṣẹ ìwọ̀lú ti sọ ọ́ di mímọ̀ pé ẹni tó bá mu igbó, tàbí tó kàn ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń tà á, lè pàdánù ìwé ọmọ onílùú, bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ onílẹ̀ ń tà á, ó ń fúnni ní rìsíìtì. Àlejò tó bá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà lè dáhùn fún un níwájú imigiréṣọ̀n, wọ́n á ní ìwà rẹ̀ kò dára tó.

Ọmọ tí wọ́n bá bí sí Aurora kò ní ìṣòro yẹn. Bó bá pé ọdún 18, á dìbò; ó tún ku ọdún mẹ́ta kó tó lè ra igbó. Bàbá rẹ̀ á wa ọkọ̀ gbé e lọ síbi ìdìbò, á dúró dè é níta.