Ẹ̀yìnkùlé Ìlú Ńlá: Ta Ni Ó Ni Ààtàn?

Kò sí agboolé Yorùbá tí kò ní iwájú, tí kò sì ní ẹ̀yìn. Iwájú ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà. Níbẹ̀ ni a ti ń tẹ́ ẹní fún àlejò, tí a sì ti ń gbé obì kalẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná wà; níbẹ̀ ni èéfín ti ń rú, tí a sì ti ń da eérú àti èèpo iṣu sí ààtàn. Àlejò kì í sábà dé ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó jẹ tí ó fi yin baálé, ibẹ̀ ni ó ti wá. Nínú agboolé bẹ́ẹ̀, ìbéèrè pé ta ni ó ni ààtàn kò lè wáyé rárá. Ẹni tí ó jẹ iṣu ni ó ni èèpo. Bí ààtàn bá sì ń rùn, imú onílé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀.

Àwọn ìlú ńláńlá òde òní náà ní iwájú àti ẹ̀yìn tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ìlú ńlá kì í ṣe ibi tí onílé ń fi ẹsẹ̀ rìn dé. Àdúgbò mìíràn ni, nígbà mìíràn ìlú mìíràn pátápátá, tí àwọn ènìyàn mìíràn ń gbé inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ń kọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sí, ibẹ̀ ni a ń já ẹrù sí, ibẹ̀ náà ni a sì ń kó ìdọ̀tí lọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: gbèsè wo ni iwájú jẹ ẹ̀yìn?

Ẹ jẹ́ kí a fi Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkejà ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni ìjọba náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìkejà bọ́ sínú rẹ̀, ó sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà ní 1976. Ilé-iṣẹ́ gbilẹ̀, ó tàn dé Ìlúpéjú àti Orégùn. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sùn, ó gbọ́dọ̀ jẹun, ohun tí ó bá sì jẹ kù gbọ́dọ̀ rí ibi lọ. Ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni agbègbè Kòsọ́fẹ́ gbà rù. Ní Kétu, Alápẹ̀rẹ̀ àti Ọjọ́ta ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń gba yàrá. Ní Mile 12 ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu tí wọ́n kó láti Òkè Ọya. Ní 1992 sì ni a ṣí ààtàn ńlá ti Olúsosùn lẹ́bàá Ọjọ́ta, lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 100 éékà. Ẹ tilẹ̀ wo orúkọ Mile 12 fúnra rẹ̀: bí ibẹ̀ ti jìnnà sí ibòmíràn tó ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, àfi bí ẹni pé kò ní ohun kan tí a lè fi dá a mọ̀ nítorí tirẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò yìí o. Bí a bá ń ti Maryland bọ̀ wá sí Ọjọ́ta, a ó gba orí afárá Odò Ìyá Aláró kọjá. Orúkọ odò náà kò jẹ́ kí a gbàgbé obìnrin tí ń rẹ aṣọ sí aró. Iṣẹ́ aró ní ẹ̀gbin tirẹ̀: òórùn èlú a máa wọ imú, omi aró a máa ba ilẹ̀ jẹ́, ọwọ́ aláró kì í sì í mọ́ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí aláró bá da omi aró sí, ìtòsí ibẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ ń ṣeré. Ẹni tí ó ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Èrè iṣẹ́ náà àti ẹ̀gbin rẹ̀ jọ ń gbé ojúlé kan náà ni. Ohun tuntun tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ mú wá ni pé ó ya àwọn méjèèjì nípa: èrè kọjú sí ọ̀nà kan, ẹ̀gbin kọjú sí òmíràn.

Ìyapa yìí ni ó di ìṣòro fún ẹni tí ń ronú nípa ìwà. Púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìwà tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ ni ó dúró lórí pé a jọ ń gbé. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe náà kò bẹ̀ wá pé kí a ṣàánú. Oorun tiwa gan-an ni ó fi ń dẹ́rù bà wá. Ṣùgbọ́n bí ará ilé náà bá ń wúkọ́ ní Ọjọ́ta, tí àwa sì ń sùn ní Ìkòyí ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná ràn ní Olúsosùn, èéfín rẹ̀ sì bo àwọn àdúgbò tí ó yí i ká, títí ìjọba fi ti ibẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbé ìtòsí mọ ohun tí ó ń bá wọn jà. Ẹni tí ó da ìdọ̀tí náà nù láti ọ̀nà jíjìn sùn, ó hanrun. Ǹjẹ́ nítorí pé kò gbọ́ ikọ́, ọ̀rọ̀ náà kò kàn án mọ́? Bí a bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé etí ni ìwà wa ń gbé, kò dé ọkàn.

Àwọn kan yóò takò mí. Wọn yóò ní ẹ̀yìnkùlé náà ń jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí: alábàárù Mile 12 ń gba owó, àwọn tí ń ṣa irin àti ike ní Olúsosùn náà sì ń fi í bọ́ ọmọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tí a san fún ẹni tí ó ru àpò àlùbọ́sà, owó ẹrù ni. Ẹnikẹ́ni kò tíì san owó òórùn tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ nílé fún un. Yàtọ̀ sí èyí, èrè a máa lọ nígbà tí ẹ̀gbin kò lọ. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkejà ní 2008, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ níbẹ̀ náà sì ti kógbá wọlé. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéfín.

Àtakò kejì le ju ìkíní lọ. Nígbà tí a ṣí Olúsosùn, ẹ̀yìn odi ni ó wà. Ilé ni ó wá bá ààtàn níbẹ̀. Ta ni ó ní kí wọ́n wá? Mo gbà pé ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ́lé ti ààtàn ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n yíyàn ju yíyàn lọ. Ẹni tí owó yàrá láàrin ìlú ju owó oṣù rẹ̀ lọ kò yan òórùn; ibi tí apá rẹ̀ ká ni ó lọ. Ìlú tí ó ń fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójúmọmọ, tí kò sì ní àyè fún un lálẹ́, kò lẹ́nu láti bi í pé ta ni ó pè é.

Ọ̀rọ̀ omi fi èyí hàn kedere. Agbóyì, Itówolò àti Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú wà ní ìsàlẹ̀ odò Ògùn. Lókè lọ́hùn-ún, lórí odò Ọ̀yán tí ń ṣàn wọ inú Ògùn, ni ìsédò tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983 wà. Ọ̀kan nínú ìdí tí a fi kọ́ ọ ni kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi lò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí a tú omi sílẹ̀ láti inú ìsédò náà, àkúnya lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ àti àyíká rẹ̀. Omi tí a tò jọ kí ìlú lè rí mu ni ó wá ń gbé ibùsùn àwọn ará ẹ̀yìnkùlé lọ.

Kì í sì í ṣe Èkó nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní gúúsù ilẹ̀ Bùràsíìlì, ìlú Canoas fi ara ti Porto Alegre gẹ́gẹ́ bí Ìkejà àti Kòsọ́fẹ́ ti fi ara ti Èkó. Ìlú òṣìṣẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo ńlá kan ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1968. Nígbà tí àwọn odò kún àkúnya ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, omi wọ àárín Porto Alegre fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Mathias Velho, àdúgbò kan ní Canoas, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òrùlé. Àwọn kan lè fi èyí kọ́gbọ́n pé kí iwájú tọ́jú ẹ̀yìn, nítorí pé omi tí ó wọ ẹ̀yìn yóò wọ iwájú bí ó bá yá. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò tó. Bí ẹ̀kán omi kan kò bá tilẹ̀ kan Porto Alegre, gbèsè rẹ̀ sí Canoas kò dín. Ẹni tí ó san gbèsè kìkì nítorí pé olówó lè dé ẹnu ọ̀nà òun, ìbẹ̀rù ni ó san. Kò tíì san gbèsè.

Kí wá ni gbèsè náà? Lójú tèmi, ohun mẹ́ta ni. Èkíní ni pé kí a máa pè é ní tiwa: kí ará Ìkòyí mọ̀ pé ààtàn òun ni ó wà ní Ọjọ́ta. Èkejì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pinnu ibi tí ẹrù yóò sọ̀ sí, tàbí ìgbà tí a ó tú omi sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tí ẹrù tàbí omi náà yóò kàn wà ní ìjókòó, tí a sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí a jọ pín ìnira bí a ti jọ ń pín ìgbádùn. Etí lè gbọ́ “kò sí ọ̀fẹ́” nínú orúkọ Kòsọ́fẹ́. Àṣà wa sì ni pé bí ẹnìkan bá ru ẹrù wa dé ẹnu ọ̀nà, a kì í jókòó sórí àga kí a máa wo ọrùn rẹ̀. A ó dìde, a ó bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó sì fún un ní omi mu kí a tó béèrè ohun tí ó wà nínú ẹrù.