Ìwé-Ẹ̀rí Aṣèwádìí Jìbìtì: Ìmọ̀ àti Àmáánà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ohunkóhun kò pamọ́ fún. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni a mú wá lóṣù yìí. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Mushin, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó, wá bá wa lẹ́yìn àsáláátù. Ó fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí CFE ti àwọn tí ń tú àṣírí jìbìtì, èyí tí ẹgbẹ́ ACFE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1988, ń fúnni. Inú wa dùn. Àmọ́ lẹ́yìn ìdánwò, ẹgbẹ́ náà tún ń béèrè, ó kéré tán, ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ tó jẹ mọ́ jìbìtì. Oṣù mẹ́jọ péré ni tirẹ̀. Ẹnì kan ní Yaba sì ti ṣèlérí láti tẹ lẹ́tà tí yóò sọ ọ́ di ọdún méjì. Ó ní: "Àfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Iṣẹ́ rere ṣáà ni mo fẹ́ fi ṣe."

Ìwádìí kì í ṣe àjèjì nínú Islam. Nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá, Ànábì (SAW) ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà: òkè gbẹ, inú tutù. Ó sì kọ oníjìbìtì ní ara òun. Nínú Súrà Yusuf, ibi tí ẹ̀wù ti ya ni wọ́n fi mọ olóòótọ́. Nínú Súrà Nisa, láti áyà 105, àwọn onítumọ̀ ṣàlàyé pé ẹnì kan láàrin àwọn Mùsùlùmí Medina jí ẹ̀wù ogun, ó sì tì í sí Yahudi kan lọ́rùn. Ọlọ́hun sọ áyà kalẹ̀ láti fọ Yahudi náà mọ́. Aṣèwádìí kì í gbè sẹ́yìn ẹni tirẹ̀.

Ìlú wa nílò irú wọn. Láti ọdún 1995, Emmanuel Nwude àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lu báńkì Banco Noroeste ti Brazil ní jìbìtì mílíọ̀nù dọ́là 242. Ìgbà tí àwọn tó fẹ́ ra báńkì náà yẹ ìwé owó wò ní 1997 ni àṣírí tú. Ní 2005, lẹ́yìn tí EFCC gbé e lọ sílé-ẹjọ́ ní Ìkẹjà, Nwude gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25. Kí ni ó fi bẹ̀rẹ̀? Orúkọ èké: ó pe ara rẹ̀ ní gómìnà Báńkì Àpapọ̀.

Ẹ̀yin ará, kí ni ìyàtọ̀ orúkọ èké yẹn sí lẹ́tà èké ti Yaba? Ó pọ̀, ó kéré ni. Ànábì Yusuf (AS) sọ fún ọba Egypt pé olùtọ́jú ni òun, onímọ̀ sì ni òun. Ìdánwò lè fi ìmọ̀ hàn. Àmáánà kò ṣeé tẹ̀ sórí bébà.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó fara da oṣù 16 tó kù, kí ó máa kàwé lọ, kí ó sì máa bá ẹgbẹ́ wa yẹ ìwé owó sàdáákà wò. Ó dákẹ́, ó kí wa, ó lọ. Kò tíì fún wa lésì.

Ìwọ ńkọ́, arákùnrin, arábìnrin, tí ó bá jẹ́ ìwọ? Kí Ọlọ́hun fún wa ní arísìkí tó mọ́. Àámín. Wasalaamu alaikum.