Kí A Mọ Ohun Tí A Ń Jiyàn Lé Lórí Nípa Ànábì Isa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí kò ní akẹgbẹ́.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀pọ̀ a máa sọ pé ohun kan náà ni gbogbo Kristẹni gbà gbọ́ nípa Ànábì Isa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Arius, àlùfáà ìjọ Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, kọ́ni pé ẹ̀dá ni Ọmọ. Ìpàdé Nicaea kọ ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 325. Lónìí, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kò pè é ní Ọlọ́hun Olódùmarè, síbẹ̀ wọ́n gbà pé ikú rẹ̀ ni ìràpadà.

Àwa mọ̀ ọ́n sí ẹrú Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Súúrà An-Nisai kọ́ wa pé wọn kò kàn án mọ́ àgbélébùú. Oníkálukú ni yóò jíhìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Súúrà Al-Ankabut sì pa á láṣẹ pé ọ̀nà tí ó dára jù lọ ni kí a fi bá àwọn tí a fún ní Tírà jiyàn. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá kan ìyá tàbí àna wa tí ó jẹ́ Kristẹni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í ní ohun tí òun gbà gbọ́. Irọ́ kì í gbe òdodo lẹ́yìn.

Kí Ọlọ́hun tọ́ wa sọ́nà. Àmín.