Nígbà Tí Ọwọ́ Ìfẹ́ Bá Ń Dunni

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: bí ẹni tí ó fẹ́ràn wa bá ń pa wá lára níbi tí ó ti ń tọ́jú wa, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi? Ẹni tí a ń tọ́jú ńkọ́, ó ha tọ́ kí ó sọ pé, "Ó ń dùn mí"?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní àwọn ìletò tí ó yí wọn ká. Ilẹ̀ mọ́, ọyẹ́ ń fẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà lórí ẹní tí kò lè dá dìde. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ tètè lọ sí ọjà. Ó di apá rẹ̀ mú, ó fà á dìde, ó da omi tútù sí i lára, ó fi ipá ti ẹsẹ̀ tí ó ti gan bọ ṣòkòtò. Bàbá náà fún ẹnu pọ̀. Ọmọ yìí kò ní ibi lọ́kàn. Ọmọ rere ni lójú gbogbo àdúgbò. Síbẹ̀ ìrora ni ìrora ń jẹ́, yóò sì tún dé lọ́la.

Àìmọ̀ ni ó fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé ẹsẹ̀ tí kò lè rìn kò lè mọ ìrora. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ a máa gba agbára lọ́wọ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba ìmọ̀lára. Apá tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú a máa dẹ̀ ní èjìká. Ẹni tí ó bá fi apá náà fa aláìsàn dìde lè yẹ oríkèé rẹ̀. Iṣan tí ó gan, bí a bá nà án lójijì, yóò tún le sí i. Bí a bá nà án díẹ̀díẹ̀, yóò máa rọ̀. Òtútù pàápàá a máa mú un le. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ nínà apá àti ẹsẹ̀ aláìsàn wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó. Ó yẹ kí ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú nílé bi irú wọn léèrè bí a ti í gbé ènìyàn.

A kò wí pé gbogbo ìrora ni a lè yẹra fún. Ará Samáríà inú ìwé Lúùkù da òróró àti wáìnì sí egbò arìnrìn-àjò. Wáìnì a máa ta egbò, òróró a sì máa tù ú. Ìrora mìíràn jẹ́ ara ìwòsàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ìkánjú wa dá sílẹ̀ kì í ṣe ara ìwòsàn, kò sì yẹ kí a pè é ní àgbélébùú tí Ọlọ́run gbé lé ẹni náà lórí. Símónì ará Kírénè bá Olúwa wa gbé igi náà; kò fi kún ìwúwo rẹ̀.

Àwọn baba wa a máa pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, kí a má baà fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ojú òfin kò dé balùwẹ̀. Níbẹ̀, ẹ̀rí-ọkàn nìkan ni ó ń ṣọ́ wa.

Èyí tí ó burú jù ni ìdákẹ́. Ẹni tí ó ń retí omi àti oúnjẹ láti ọwọ́ ẹlòmíràn a máa bẹ̀rù pé bí òun bá ráhùn, wọn yóò ní aláìmoore ni òun, wọn yóò sì fi òun sílẹ̀. Àwa náà a sì máa wí pé, "Bàbá, ṣé ẹ kò rí wàhálà tí a ń ṣe lórí yín ni?" Ẹ̀yin ará, a kò gbọdọ̀ fi ìmoore di ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí ó bá wí pé ó ń dun òun, kò fi wá sùn. Ohun tí a kò mọ̀ ni ó ń kọ́ wa.

Mímọ́ Camillus de Lellis, ará Ítálì, alágbàwí àwọn aláìsàn, ní egbò ní ẹsẹ̀ tí kò san títí ó fi kú ní ọdún 1614. Ó ti dùbúlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Róòmù kí ó tó di olùtọ́jú níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ mọ ìrora yìí ni ó pàṣẹ fún àwọn tí ó tẹ̀lé e pé kí wọ́n máa tọ́jú aláìsàn bí abiyamọ ti ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Kí ni ìdáhùn wa, nígbà náà? Ẹni tí kò mọ̀ lè má jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè bèèrè tí kò bèèrè kò lè wí pé ọwọ́ òun mọ́. Nígbà tí Bátíméù ké pe Olúwa, gbogbo ènìyàn ni ó rí i pé afọ́jú ni. Síbẹ̀ Olúwa kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó ń fẹ́. Bí Ẹni tí ó mọ ohun gbogbo bá bèèrè, ta ni àwa tí a kò ní bèèrè?

Kí ẹbí má sì ṣe gbé gbogbo ẹrù náà lé ọmọbìnrin kan ṣoṣo lórí, nítorí ó ṣòro kí ọwọ́ tí ó ti rẹ̀ tó rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Lọ́la, kí a tó fi ọwọ́ kan aláìsàn wa, ẹ jẹ́ kí a bi í pé, "Bàbá, ibo ni ó ń dùn yín? Báwo ni ẹ ti fẹ́ kí n gbé yín?" Kí a sì dúró gbọ́ èsì.